Asofẹ́yẹjẹ: Gbòǹgbò Tí A Fi Ń Wá Oorun

  

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìyá àti bàbá inú ẹgbẹ́ wa máa ń rọra bi mí lẹ́yìn tí a bá ti kírun tán, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́. Wọn á ní, "Àfáà, n kò rí oorun sùn mọ́. Àyà mi a máa já lóru. Wọ́n ní kí n lọ wá asofẹ́yẹjẹ. Ṣé ó dára?" Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn débi pé mo rí i pé ó yẹ kí á kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọjà ni mò ń tà, kéwú ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ yín, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kọ, tí mo kà, àti ohun tí ojú mi ti rí láàárín wa níhìn-ín ni mo kó jọ.

Kò yà mí lẹ́nu pé oorun wọ́n wa. Ẹni tí ó wà ní Kàdúná yìí ní oṣù kejì ọdún 2000, tí ó tún rí ti oṣù kọkànlá ọdún 2002, tí ó sì tún rí èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2011, ẹni náà yóò mọ̀ pé etí a máa gbọ́ ariwo tí kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó kó gbogbo ohun tí ó ní sínú ìsọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gba ọ̀nà Àbújá lọ sí ilé ìwé, lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìnígbàgbọ́ ni ó ń fa irú àìsùn bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ilé fún un, tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ igi náà. Asofẹ́yẹjẹ jẹ́ igi kékeré tí í hù nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá àti nínú oko tí a ti fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin lójú kan náà yí ẹ̀ka ká. Bí a bá já a, oje funfun bíi wàrà ni yóò sun. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, a sì máa pọ́n tí ó bá gbó. Àwọn ẹyẹ fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní asofẹ́yẹjẹ, èyí tí ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko pè é ni Rauvolfia vomitoria. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà jẹ mọ́ èébì, ẹni tí ó bá sì ti mu ún ní àmujù mọ ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀, pàápàá èèpo ara gbòǹgbò, ni agbára rẹ̀ wà. Èyí tí à ń rà níhìn-ín, láti ilé ni àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ti ń kó o wá. Ó ti gbẹ, wọ́n sì ti gé e wẹ́wẹ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gbòǹgbò mìíràn àfi ẹni tí ó kó o.

Kí ni àwọn baba wa ń lò ó fún? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fi ara balẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni wọ́n ń lò ó fún: ẹni tí ó ń lu ènìyàn, tí ó ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ lójú títì, tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Oníṣègùn tí ó ń tọ́jú wèrè a lọ̀ ọ́, a pò ó mọ́ nǹkan, a fún un mu, aláìsàn á sùn fọnfọn. Tí ó bá jí, wọ́n á fún un ní oúnjẹ, wọ́n á tún fún un mu. Gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni aláìsàn wà, ojú sì wà lára rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí bàbá àtijọ́ kan tí ó rọ ọ́ sínú ìgò fún ẹni tí ọjà kò tà kí ó máa gbé e lọ sílé.

Àwọn òyìnbó kò gba èyí gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn sí wọn. Àwọn ará Íńdíà ní ìbátan igi wa yìí, tí wọ́n ń pè ní sarpagandha, láti ayébáyé ni wọ́n sì ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè àti oró ejò. Ní ọdún 1931, àwọn dókítà Íńdíà méjì, Sen àti Bose, kọ̀wé pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú ara wèrè rọlẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jáde, wọ́n sì pè é ní reserpine. Láàárín ọdún méjì, àwọn ilé ìwòsàn wèrè ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Nígbà tí wọ́n yẹ asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ Áfíríkà wò, wọ́n rí i pé reserpine wà nínú rẹ̀, àní ó pọ̀ ju ti igi Íńdíà lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbòǹgbò náà láti ilẹ̀ wa.

Ní Abẹ́òkúta, ọmọ ìlú náà, Dókítà Adéoyè Lámbò, tí a bí ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní ọdún 1954. Kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí nínú àwọn abúlé tí ó yí Arò ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Dókítà ará Canada kan, Raymond Prince, bá wọn ṣiṣẹ́ ní Arò ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní ọdún 1960 ni ó sì tẹ ìwé jáde nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kò sí nǹkan kan nínú gbòǹgbò yìí, kò mọ̀ ọ́n. Nǹkan wà nínú rẹ̀. Òun gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ọpọlọ àti iṣan wa, àwọn èròjà kan wà tí ó ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibì kejì. Àwọn ni ó ń sọ fún ọkàn pé kí ó sáré, tí ó ń jẹ́ kí inú dùn, tí ó ń jẹ́ kí ara wà lójúfò. Inú àpò kékeré kéékèèké ni wọ́n ń kó wọn pamọ́ sí, bí a ṣe ń kó ọjà sínú sítọ́ọ̀. Reserpine a máa ti ìlẹ̀kùn sítọ́ọ̀ náà pa. Ọjà tuntun kò ní lè wọlé mọ́, èyí tí ó wà níta á sì bàjẹ́. Díẹ̀ díẹ̀, sítọ́ọ̀ á ṣófo. Nígbà náà ni ọkàn yóò rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru yóò wálẹ̀, tí oorun yóò kun ènìyàn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé sítọ́ọ̀ kì í ṣófo lọ́jọ́ kan. Agbára oògùn yìí kì í dé tán ní alẹ́ tí a mu ún. Ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ni yóò gbà kí gbogbo rẹ̀ tó hàn. Bí a bá sì dáwọ́ dúró, ọjọ́ púpọ̀ ni yóò gbà kí sítọ́ọ̀ tó tún kún.

Ibí ni ènìyàn wa máa ń ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n mu ún lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wọn kò sùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n ní alágbo ti bù ú lé omi, wọ́n sì mu ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì. Ti àná kò tíì kúrò lára, ti òní ti gùn ún lẹ́yìn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Nígbà tí àwọn dókítà ń fi reserpine wo ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn lóòjọ́ kì í sábà kọjá 0.25 mílígíráàmù. Hóró parasitámọ́ọ̀lù kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Ẹ fọ́ hóró náà sí ọ̀nà 2,000, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀: bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kéré tó nìyẹn. Ta ni alágbo tí ó ní òṣùwọ̀n tí ó lè wọn ìyẹn? Gbòǹgbò igi tí ó dàgbà yàtọ̀ sí ti igi kékeré, ti ilẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, èyí tí a sè yàtọ̀ sí èyí tí a rẹ. Ìdajì kọ́ọ̀bù lónìí lè má ṣe nǹkan kan, ìdajì kọ́ọ̀bù láti inú ìgò mìíràn sì lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan nínú wa nìyí, mo sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oríṣi méjì tí dókítà kọ fún un. Lẹ́yìn tí olè fọ́ ìsọ̀ rẹ̀, kò rí oorun sùn mọ́. Ẹnìkan bá a ra ìgò àgbo. Ó mu ún ní alẹ́ mẹ́ta, ó ń fi kún un. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsùbáà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣubú, ó fi orí gbá etí ògiri. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ni Màmá mu. Wọ́n ní kò mu nǹkan kan. Ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àgbo ni, wọn kò fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní ará oko. Odidi ọjọ́ kan àti àbọ̀ ni àwọn dókítà fi ń wá ohun tí kò sí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré ni ó gbé ìgò náà wá nínú ọ̀rá. Alihamudulilahi, ara Màmá yá, ó ń bá wa wá sí àsàlátù títí di òní.

Ohun tí ó ṣe é yé ni ní kíákíá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì wà nínú ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀kẹta kún un láìmọ̀. Àwọn àgbà yóò rántí hóró kan tí wọ́n ń pè ní Brinerdin, tí àwọn dókítà kọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà nígbà kan. Reserpine wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó tún ń mu asofẹ́yẹjẹ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn mìíràn tún wà tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Aboyún àti abiyamọ tí ó ń fọ́mú, nítorí ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, nítorí ó máa ń mú kí oró inú ikùn pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ní wárápá tàbí ikọ́ fée. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọdé, kí á má tilẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ tilẹ̀ le lè rí i pé imú rẹ̀ dí, inú rẹ̀ ń ṣí, òòyì ń kọ́ ọ, kò sì lè wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ìrẹ̀wẹ̀sì. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ pé nínú àwọn tí wọ́n ń fún ní reserpine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọkàn àwọn kan rẹ̀wẹ̀sì débi pé wọn kò fẹ́ wà láyé mọ́. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn títí di òní lórí bí ó ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò kúrò lára oògùn náà. Ẹ wá rò ó wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń sọ pé òun kò rí oorun sùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó ń ṣe é, tí kò mọ orúkọ rẹ̀. A jí ní aago mẹ́ta òru, kò ní lè sùn mọ́, oúnjẹ kò wù ú, ìsọ̀ kò wù ú ṣí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni asofẹ́yẹjẹ lè tì sínú kòtò.

Ní ti ẹ̀sìn, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á máa wá ìwòsàn, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò ní oògùn, àfi ogbó. Kò sí èèwọ̀ nínú gbòǹgbò igi. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní ni pé púpọ̀ nínú àwọn alágbo, inú ògógóró ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ mu ọtí ní orúkọ oògùn. Yàtọ̀ sí èèwọ̀, ọtí àti asofẹ́yẹjẹ papọ̀ a máa pa ara lójú pátápátá. Èkejì ni hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wo ènìyàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn tẹ́lẹ̀, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Kí àwa àfáà pàápàá gbọ́ èyí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá mọ hàǹtú ni ó mọ gbòǹgbò.

Àwọn kan yóò ní, ó dáa, kí á lo ti àwọn Hausa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dán zakami wò. Òun ni à ń pè ní gégemu nílé, àwọn ọ̀dọ́ kan níhìn-ín sì ń sè é sínú ṣáyì. Májèlé ni, ó ń mú kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí, ó sì ń pani. Oògùn oorun ti kẹ́míìsì náà, Valium àti Lexotan, kò yẹ kí á máa rà á láìsí ìwé dókítà, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á ti mọ́ ọn, oorun kò sì ní wá mọ́ láìsí i.

Kí wá ni ẹni tí àníyàn gba oorun lójú rẹ̀ yóò ṣe? Kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń fi sẹ́nu. Mo jókòó lẹ́nu ìsọ̀ mi, mo sì ń kà á: ẹnìkan jẹ goro mẹ́rin láti ìrọ̀lẹ́ títí di Iṣáì, ó mu ṣáyì alágbára kọ́ọ̀bù méjì lọ́dọ̀ mai ṣáyì, lẹ́yìn náà ó ní òun kò rí oorun sùn! Èròjà kan náà tí ń lé oorun ni ó wà nínú goro, ṣáyì àti kọfí, lẹ́yìn wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí goro àti ṣáyì tán ní Àyìlá. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó sọ pé ẹ nílò oògùn. Mo ti rí i tí ó tó fún ènìyàn púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé ẹ kò sùn dáadáa, Àsùbáà sì ti bá wa ṣètò ìyẹn. Kí oorun ọ̀sán má kọjá ogún tàbí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ànábì kò fẹ́ kí á máa jókòó sọ̀rọ̀ lásán lẹ́yìn Iṣáì, bẹ́ẹ̀ náà ni kí á máa yẹ fóònù wò lórí ibùsùn títí di aago méjìlá, tí à ń wo fídíò ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn. Ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ ka àdúà oorun yín, ẹ fi ìhà ọ̀tún lélẹ̀. Bí oorun kò bá wá láàárín ìdajì wákàtí, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó sí ibòmíràn, ẹ ṣe àsíkìrì títí ojú yóò fi wúwo. Kí ẹ kọ gbèsè àti ìṣòro ọ̀la sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa ìwé náà dé. Ẹ má ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Orí tí ó bá mọ̀ pé a ti kọ nǹkan sílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jí ni láti rán ni létí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ayé sú ènìyàn, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tí ó ń náwó ní ìnákúnàá, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Barnawa níhìn-ín. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí á rí òun níbẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tí ó bá ti ń mu asofẹ́yẹjẹ kó má fi bò. Kí ó sọ fún dókítà ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí ó ń mu ún, bóyá omi tàbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, àti gbogbo hóró tí ó ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìgò bá ṣì wà nílé, kí ó gbé e dání. Kí ó rántí pé bí ó bá tilẹ̀ dá a dúró lónìí, ó ṣì wà lára fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì sọ ìyẹn náà, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bí ẹlòmíràn ni ó bá gbé e lọ, bí orí rẹ̀ kò bá pé láti sọ̀rọ̀, ẹni náà ni kí ó sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kí ó tó jókòó.